Ìgbé ayé ojoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni pẹ̀lú ẹgbẹ́ eré ìdárayá ní Nairobi

Ọmọ Ìsẹ́yìn (ìbéèrè):

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi lórí eré ìdárayá ni, ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń fi bọ́ọ̀lù tọ́ àwọn ọmọdé ní àdúgbò Mathare, ní Nairobi, sì ti gbà mí láti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, àmọ́ wọn yóò fún mi ní ibùgbé àti oúnjẹ ọ̀sán. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ pé n ó máa ran àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́wọ́, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni bí ọjọ́ kan ṣe ń rí láti àárọ̀ di alẹ́: kí ni èèyàn ń ṣe, kí ló ń jẹ, báwo ló ṣe ń náwó, àti pé ǹjẹ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn lè wúlò fún wọn? Ẹ̀rù ń ba ìyá mi, mo sì fẹ́ rí ohun tó dájú sọ fún wọn.

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta:

Àbúrò mi, o kú oríire. Mo lo oṣù márùn-ún ní apá ibẹ̀ ní 2019 pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré kan, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Kọ́kọ́ fi sọ́kàn pé àwọn ará Mathare kò dúró de ẹnikẹ́ni láti wá kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Ọdún 1987 ni Bob Munro, ọmọ Kánádà, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ dá Mathare Youth Sports Association sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní MYSA, tí wọ́n sì so ìdíje bọ́ọ̀lù mọ́ ìmọ́tótó àdúgbò: ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá jáde láti kó ìdọ̀tí, tí wọ́n sì la gọ́tà, ń gba àmì kún èyí tí wọ́n gbà lórí pápá. Inú ètò yìí ni Mathare United ti jáde ní 1994, àwọn ló sì gba ife líìgì Kenya ní 2008. Ọ̀nà yìí ni ẹgbẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ náà ń tọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó dàgbà sínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́ ọ̀gá rẹ, kódà bí o bá ju wọ́n lọ lọ́jọ́ orí, kí o sì gbà fún wọn tọkàntọkàn.

Iṣẹ́ mi kì í bẹ̀rẹ̀ lórí pápá. Kí aago méje àárọ̀ tó lù ni mo ti ń ka bọ́ọ̀lù, tí mo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí èyí tó rọ̀, tí mo sì ń kọ iye tó ti jò sílẹ̀. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà iṣẹ́ ìwé, fífọ aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù àti pípe àwọn òbí lórí fóònù ló ń gba ọ̀sán. Ọjọ́ Sátidé ni ọwọ́ máa ń dí jù, torí pé láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ pupa tí kò ní koríko, ìwọ lè máa fọn fèrè, o sì lè máa ṣe akọ̀wé.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí o há sórí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀dọ́ kan sọ fún mi pé gọ́tà ni a máa là lọ́jọ́ kejì, kí n wá ní saa mbili. Mo mọ̀ pé mbili ni èjì, mo sì dé ní aago méjì ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni àwọn tó ń sọ Swahili ti ń ka wákàtí, saa mbili sì ni aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ṣọ́bìrì wà wà. Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọ náà ti fi ọwọ́ lásán kó gbogbo ẹrẹ̀ náà tán, wọ́n sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì rẹ̀, ẹrẹ̀ dé wọn ní ìgúnpá. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí. Ó ṣì ń dùn mí.

Olùkọ́ Ọ̀ṣun:

Ẹ̀yin Ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹ kú ìmúra. Oúnjẹ kò ní fún yín ní wàhálà. Ugali wọn dà bíi túwó àgbàdo, ewé sukuma wiki tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ jọ ẹ̀fọ́ tiwa, githeri sì ni àdàlù gẹ́lẹ́, ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan. Ata ni àárò rẹ̀ yóò sọ yín, nítorí náà ẹ di ata gbígbẹ lílọ̀ sínú ẹrù. Ní ti owó, M-Pesa, ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ni wọ́n fi ń ra tòmátì, òun náà ni wọ́n sì fi ń san owó matatu, danfo tiwọn, torí náà ẹ fi ìwé ìrìnnà yín gba síìmù ní kété tí ẹ bá dé. Nairobi ga ju ìpele òkun lọ ní nǹkan bíi 1,700 mítà, oṣù Kẹfà sí Kẹjọ sì ni òtútù rẹ̀ máa ń mú jù, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá dé láìsí eruku. Bí mímí bá ṣòro díẹ̀ lórí pápá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fòyà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin ló jẹ mí lógún jù. MYSA ti ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin láti 1992, síbẹ̀ omi pípọn, oúnjẹ sísè àti àbúrò gbígbé kì í kúrò lọ́rùn ọmọbìnrin nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, aṣọ́lé tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé, tó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ lára bọ́ọ̀lù. N kò gbọ́ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ nínú Swahili nígbà náà. Mo lọ bá a, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Mo gba ọmọ náà pọ̀n, mo fi ọ̀já mi gbà á dáadáa, àwọn ìyá tó ń ta ẹja díndín sì pàtẹ́wọ́ bí ọmọbìnrin náà ti sáré lọ dúró sáàárín òpó méjì. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ pípọ̀n ti di apá kan iṣẹ́ mi, mo sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ mi. Ẹ béèrè bóyá èèyàn lè wúlò láìgbọ́ èdè: bó ṣe rí lójú tèmi nìyẹn.

Ará Òkè-Ògùn ní Lọ́ńdọ̀nù:

Ìwé ni tèmi. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn àjò, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání. Ẹ bi ẹgbẹ́ náà bóyá àwọn ni yóò bá yín gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, nítorí pé àṣẹ ìbẹ̀wò lásán kò tó fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, ìbáà má gba owó. Bí alágbàtà bá wà láàárín, ẹ béèrè iye tó ń dé ọwọ́ ẹgbẹ́ náà gan-an. Owó tí mo yá ni èmi san fún alágbàtà kan. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ náà ṣí ìwé owó wọn fún mi, kò sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ alágbàtà náà, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń kọ́ ọgọ́ta ọmọ. Ó bí mi nínú, kò sì tíì tán níbẹ̀. Ẹ má sì gbé àwòrán ọmọ kankan sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gidigidi. Mo ti kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ àṣẹ iṣẹ́ náà, kò sì sí alágbàtà láàárín wa. Mo ka ohun tí Olùkọ́ Ọ̀ṣun kọ fún ìyá mi lálẹ́ àná. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n ṣí àpótí wọn, wọ́n sì mú ọ̀já méjì jáde.