Kì í ṣe ẹ̀gbà, kì í sì í ṣe "agbẹṣan"

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ o. Orúkọ Yorùbá tí a máa fún ALS (amyotrophic lateral sclerosis), àìsàn tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀, là ń wá. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé ṣáájú mi ní ká pè é ní "àrùn ẹ̀gbà", kí wàhálà ọ̀rọ̀ tuntun má baà sí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ọjà Jagun, wọ́n á ní ẹ̀gbà a máa kọluni lẹ́ẹ̀kan náà ni: èèyàn sùn, ó jí, apá kan ò gbéra mọ́. ALS kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yíyọ́ ló ń yọ́ wọlé. Bọ́tìnì ẹ̀wù á ṣòro dè, tàbí kí ẹsẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀, tàbí kí ahọ́n wúwo. Á máa tàn kiri títí tí á fi dé iṣan tí a fi ń mí. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fọwọ́ kan aláìsàn náà, ó mọ̀ ọ́n lára, ẹyinjú rẹ̀ sì sábà máa ń yí bó ṣe fẹ́.

Àbúrò wa kan mú "agbẹṣan" wá, nítorí pé iṣan ń gbẹ. Ó bá orúkọ tí Charcot, dókítà ilẹ̀ Faransé, fún un ní 1874 mu, torí àìrí oúnjẹ jẹ iṣan wà nínú orúkọ yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ Ìbàdàn tí ń fi s pe ṣ pè é wò: "agbẹ̀san" ni ará ilé máa gbọ́. Ó parí nìyẹn! Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí bàbá ṣẹ̀. Àìsàn tó ń mú èèyàn joro díẹ̀díẹ̀ ò nílò ìrànlọ́wọ́ wa kí wọ́n tó fura sí aládùúgbò.

Iṣan kọ́ ló sì kọ́kọ́ ṣàìsàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ àti inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn tí ń ránṣẹ́ sí iṣan pé kó gbéra ló ń kú. Iṣan tí ò gbọ́ ìpè mọ́ ló ń joro. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká pe gbogbo ẹbí àrùn náà ní "àrùn sẹ́ẹ̀lì amúṣanṣiṣẹ́", ká fi ALS sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ó gùn, mo gbà. Ẹni tó bá ní "iṣan" tún jẹ́ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ti ní orúkọ tirẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ti ẹni tó fẹ́ fi "aṣekúpani" kún un, rárá o. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ kì í lò ju ọdún 2 sí 5 lọ, ṣùgbọ́n Stephen Hawking, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sọ fún ní 1963 pé ó ní àìsàn yìí, wà láyé di 2018. Kí dókítà máa fi orúkọ àìsàn dájọ́ ikú lójú ẹbí, n ò sí níbẹ̀.