Kíkó ará abúlé jọ láti gé oúnjẹ ọlọ̀tẹ̀: Màláyà àti Borno

Akọ̀wé-Ogun béèrè:

Ẹ kú ìjíròrò o. Lọ́dún 1950, Ọ̀gágun Harold Briggs ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ará Ṣáínà tó ń gbé etí igbó ní Màláyà (apá kan Malaysia òde òní, tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà) sínú abúlé tuntun tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká, kí àwọn ọmọ ogun Chin Peng, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọ́múníìsì, má baà rí oúnjẹ gbà lọ́wọ́ wọn mọ́. Ní 1960, ogun ti parí. Ní Borno, láti bíi 2015 ni àwọn ológun tiwa náà ti ń kó ará abúlé wá sí Bama, Dikwa, Monguno àti Banki, wọ́n sì gbẹ́ yàrà yí àwọn ìlú kan ká, síbẹ̀ ISWAP, ẹgbẹ́ agbébọn tó ya kúrò lára Boko Haram, ṣì ń gba owó orí lẹ́bàá Adágún Ṣáàdì. Ṣé ọ̀nà náà ni kò dáa ni, àbí àwa la ò mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ dáhùn pé wọ́n ń kówó jẹ. Ìyẹn ti yé mi.

Lámèyítọ́:

Oúnjẹ ni kí ẹ máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ẹ fi wáyà sílẹ̀ ná. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ni wọ́n kó sínú abúlé tó lé ní 400, lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wọn ìrẹsì fún ilé kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn òṣìṣẹ́ oko rọ́bà bá ń jáde láàárọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ á tú ara wọn wò lẹ́nu géètì, wọ́n á yẹ kẹ̀kẹ́ wọn wò títí dórí páńpù tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, torí àwọn kan ń rọ ìrẹsì síbẹ̀. Ọlọ́jà tó bá ta oúnjẹ inú agolo gbọ́dọ̀ dá agolo náà lu kó tó gbé e fún oníbàárà, kó má baà ṣeé tọ́jú. Níbi tí wọ́n ti fún un pa jù, wọn kì í ta ìrẹsì tútù rárá. Ilé ìdáná kan ló ń se é fún gbogbo abúlé, torí ìrẹsì sísè kì í pẹ́ kan nínú ooru ibẹ̀. Ọlọ̀tẹ̀ tí ebi bá lé dé ìtòsí abúlé á bá àwọn tó lúgọ dè é.

Àmọ́ àwọn nǹkan mìíràn ló gbé e ró. Ará Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀, nítorí náà àwọn ẹ̀yà Màlé (Malay) tó pọ̀ nílùú ò tẹ̀ lé wọn. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń kó ìbọn fún wọn. Ogun Kòríà gbówó rọ́bà sókè, iṣẹ́ sì wà. Ìjọba ṣèlérí òmìnira, wọ́n sì mú un ṣẹ lóṣù kẹjọ ọdún 1957. Ẹni tó ń jà lé òyìnbó lọ nígbà tí òyìnbó ti ń palẹ̀ mọ́, kí ló fẹ́ wí fáwọn ọ̀dọ́?

Ngo Dinh Diem, ààrẹ Gúúsù Vietnam, gbìyànjú irú rẹ̀ níbẹ̀ ní 1962. Ọgbà ló sáré kọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kò sì sí ẹni tó máa ṣọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa pa á ní 1963, púpọ̀ nínú wọn ti dahoro.

Ará-Ìyànà:

Ẹ ṣeun, Lámèyítọ́. Ibi tí Borno ti yàtọ̀ nìyẹn: ní Màláyà, ará abúlé ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbowó, ó ń padà wálé lálẹ́. Ní Bama, ẹni tí wọ́n kó wá ò níṣẹ́. Àwọn ológun kì í fẹ́ kí èèyàn dáko kọjá ìwọ̀n kìlómítà díẹ̀ sí yàrà, ilẹ̀ tó wà nínú ìwọ̀n yẹn ò sì tó jẹ. Wọ́n tún fòfin de ajílẹ̀ yùríà torí àwọn agbébọn ń fi ṣe bọ́ǹbù, nítorí náà ilẹ̀ kékeré náà ò so dáadáa. Oúnjẹ ìrànwọ́ ló kù. Bí ìyẹn bá já, ẹni tébi ń pa á kọjá yàrà, á lọ sanwó fún ISWAP kó lè dáko tàbí kó pẹja. Ìlànà tó yẹ kó gé owó ọlọ̀tẹ̀ ló wá ń wá oníbàárà fún un.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí oúnjẹ ò dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn dókítà àjọ ìrànwọ́ MSF ka sàárè 1,233 lẹ́bàá ibùdó ogunléndé ní Bama. 480 nínú wọn jẹ́ tàwọn ọmọdé. Ogun kọ́ ló pa ọ̀pọ̀ wọn, ebi àti àìsàn ni. Àwọn tó sì jáde lọ sóko náà ńkọ́? Lóṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa àwọn tó ń kórè ìrẹsì nítòsí Zabarmari, òkú 43 ni wọ́n kọ́kọ́ sin.

Lọ́dún 2019, lẹ́yìn tí ISWAP ti ya bo bárékè kéékèèké bíi ti Metele, àwọn ológun kó ara wọn jọ sí bárékè ńláńlá. Ó dín iye ṣọ́jà tó ń kú kù lóòótọ́, èmi ò ní bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ọ̀nà tó wà láàárín bárékè kan sí èkejì bọ́ sọ́wọ́ ISWAP. Ìwé ìlànà àwọn ológun Amẹ́ríkà ti 2006 dá a lábàá pé kí ẹ̀ṣọ́ 20 wà fún 1,000 èèyàn. Ẹ fi mílíọ̀nù márùn-ún ṣe ìṣirò: 100,000 nìyẹn, fún Borno nìkan.

Ẹlẹ́rìí-Ọjọ́un:

Ẹ ń yin Màláyà jù fún mi. Ní Batang Kali, oṣù kejìlá ọdún 1948, ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa ará abúlé 24 tí wọn ò mú ohun ìjà dání. Wọ́n tún lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn padà sí Ṣáínà. Ní Tanjong Malim ní 1952, Templer, ọ̀gágun tó ń ṣàkóso Màláyà fún Gẹ̀ẹ́sì, kéde kónílé-ó-gbélé oníwákàtí 22 lójúmọ́, ó gé ìrẹsì gbogbo ìlú kù, ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí ò jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ló pín ìwé ìbéèrè dé ojúlé kọ̀ọ̀kan, kò béèrè orúkọ, wọ́n sì ń ju ìdáhùn sínú àpótí tí wọ́n tì pa. Ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́, ẹ fi ebi sílẹ̀. Bí gbogbo ilé bá dá ìwé padà, ọlọ̀tẹ̀ ò lè mọ ẹni tó sọ̀rọ̀.

Irú abúlé yìí kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ẹ̀yà Kíkúyù tó lé ní mílíọ̀nù kan sí ní Kẹ́ńyà láti 1954. Ebi àti iṣẹ́ tipátipá ló wà níbẹ̀. Ní ibùdó Hola lọ́dún 1959, wọ́n lu ẹlẹ́wọ̀n 11 pa. Ní 2013, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti san £19.9 mílíọ̀nù fún èèyàn 5,228.

Ìdálóró náà ní gbèsè tirẹ̀. Faransé fi í gba ìlú Algiers ní 1957, nígbà tó di 1962 gbogbo Àlùjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nílé níbí, Amnesty, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní ó lé ní 640 èèyàn tí àwọn ṣọ́jà pa lóṣù kẹta ọdún 2014, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn tú àwọn tó wà ní àtìmọ́lé Bárékè Giwa ní Maiduguri sílẹ̀. Ìdílé èèyàn 640, ta ni nínú wọn ló máa wá ta ṣọ́jà lólobó?

Akọ̀wé-Ogun:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Àwọn tó ń jọ̀wọ́ ara wọn sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé Safe Corridor, ètò ìjọba tó ń tún wọn kọ́, ń ṣiṣẹ́?

Ará-Ìyànà:

Ìwọ̀nba ni. Ibùdó Mallam Sidi ní Gombe wà fún àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tí ewu rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Shekau, olórí Boko Haram, kú lóṣù karùn-ún ọdún 2021, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń ti igbó jáde pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ, tí ibẹ̀ ò lè gbà. Borno wá ń kó wọn sí ibùdó àwọn arìnrìn-àjò Mẹ́kà ní Maiduguri. Nínú ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ti ibùdó àwọn ogunléndé pa nílùú kan náà. Ẹni tí wọ́n jó ilé rẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹni tó lè jẹ́ pé òun ló jó o ń jẹun ìjọba. Bí ẹ bá fẹ́ kí abúlé gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà, ẹ kọ́kọ́ fún àwọn ará ibẹ̀ ní irúgbìn àti owó ìkọ́lé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wà níjòókòó nígbà tí ẹ bá ń bi í léèrè ohun tó ṣe.