Mo ta líǹkì lórí búlọ́ọ̀gì mi, ọwọ́ òfin Google sì ti tẹ̀ mí
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Búlọ́ọ̀gì oúnjẹ ni mo ní. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan sanwó kí n fi líǹkì òun sínú àpilẹ̀kọ 11. Ilé tẹ́tẹ́ ló ń polówó, kì í ṣe ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ o! Owó ló fọ́ mi lójú.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ṣí Search Console, irinṣẹ́ tí Google fún àwa tá a ní ìkànnì, mo bá a lábẹ́ Manual actions, ibi tí wọ́n ń kọ ìjìyà tí òṣìṣẹ́ Google fi jẹ ìkànnì sí: "Unnatural links from your site", ìyẹn ni pé àwọn líǹkì tó ń jáde láti ìkànnì mi kì í ṣe ojúlówó. Àwọn tó ń gba orí Google wá, bí 400 lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, kò ju 30 lọ mọ́.

Mo ti fi rel="sponsored", àmì tó ń sọ fún Google pé wọ́n sanwó fún líǹkì, sí líǹkì mẹ́jọ. Mẹ́ta tó kù ló há mi lọ́fun: oníbàárà yẹn ló kọ àpilẹ̀kọ wọn látòkè délẹ̀, ó sì ní bí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n, kí n dá owó òun padà. Owó tí mo ti fi san owó ilé!

Ṣé kí n fi sponsored sí mẹ́ta yìí náà, kí n wá fi reconsideration request (ẹ̀bẹ̀ pé kí Google tún ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò) ránṣẹ́, àbí àfi kí n pa àpilẹ̀kọ wọn rẹ́ pátápátá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú rẹ̀ kọjá, èwo lẹ ṣe tí wọ́n fi tú yín sílẹ̀?