Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pààrọ̀ ọ́ìlì ọ̀kadà nílé, ẹ kọ́ mi

Ọmọ_Gáà_Àkànbí:
Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀kadà kan ni mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, CG125, òun ni mo ń gùn láti Gáà Àkànbí lọ síbi iṣẹ́ ní Malete lójoojúmọ́. Mẹ́káníìkì kan ló ń bá mi ṣe sáfíìsì ẹ̀ ṣùgbọ́n ojú mi ti rí. Ìgbà tó ṣe é kẹ́yìn, mi ò rójú ìgò ọ́ìlì, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kàn bù ú nínú gálọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ya mọ́tò sí lára. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti fẹ́ gun òkè báyìí, ẹ́ńjìnnì á máa ké wáá, ọ̀kadà ò ní lọ. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí gìá, ti jẹ, kí n mówó wá. Mo ní kí n kọ́kọ́ dá ọ́ìlì yẹn nù ná. Ìgò lítà kan ni mo ní lọ́kàn láti rà, ṣé gbogbo ẹ̀ ni màá dà sí i? Nóòtù wo gan-an ni mo máa tú, torí nóòtù tó wà lábẹ́ ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ tú ohun tí mi ò ní lè dì padà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi.

Ọlọ́kadà_Ọ̀fà:
Àbúrò, ta ló máa bú ẹ. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń ná Ọ̀fà sí Ajàṣẹ́, mi ò gbé ọ̀kadà fún ẹnikẹ́ni torí ọ́ìlì rí.

Gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́, lórí sítáńdì àárín, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ o. Tan án, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ọ́ìlì yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí tó bá tutù ó máa ń ki, ìdọ̀tí ò sì ní bá a jáde. Má ṣe é bó o ṣe ń ti Malete dé, á bó ẹ lọ́wọ́. Pa á, tú géèjì tó wà lápá ọ̀tún, ìyẹn ọ̀pá kékeré tá a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó, kí atẹ́gùn lè rọ́nà wọlé. Wá dùbúlẹ̀, wo ìsàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, nóòtù kan dá wà níbẹ̀, orí ẹ̀ tóbi. Àwọn kéékèèké tó tò yí kọ́fà ká yẹn, má fọwọ́ kàn wọ́n. Spánà 17 ni mo fi ń tú tèmi. Tó bá ti dẹ̀, fi ọwọ́ tú ìyókù, kó o máa tì í sókè díẹ̀ bó o ṣe ń tú u, kó má baà já bọ́ sínú abọ́ kó o wá máa wá a kiri nínú ọ́ìlì. Mo ti ṣe é rí, ìyàwó mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ti lítà kan tó o bèèrè, kì í gbà á tán, torí ti àtijọ́ díẹ̀ á ṣì kù nínú ẹ̀. Gbé àrọ sí i, da bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìgò náà. Tan án fún ìṣẹ́jú méjì, pa á, jẹ́ kó sinmi. Nu géèjì mọ́, tì í bọ ihò ẹ̀ láìdì í, fà á jáde wò, àárín ìlà méjèèjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà. Láìdì í o! Tó o bá dì í, á wọlé jù, á máa parọ́ fún ẹ pé ọ́ìlì ti pọ̀.

Onísípíà_Tàíwò:
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò, kílọ́ọ̀ṣì ẹ lè má tíì jẹ o, má tíì mówó fún ẹnikẹ́ni. Kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò gbígbẹ ni, ó dá wà. Ti ọ̀kadà yìí, inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà ló ń wẹ̀, òun àti gìá. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n po nǹkan mọ́ kó lè máa yọ̀ kí mọ́tò má baà mu epo púpọ̀, ìyọ̀ yẹn gan-an ló ń da kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà láàmú. Wo ara ìgò kó o tó sanwó, kó o rí 4T, ìyẹn ti ọ̀kadà tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, kó o rí JASO MA tàbí MA2, àmì pé ó bá kílọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì mu. Ní ti bó ṣe ki tó, 20W-50 ni àwọn ọlọ́kadà ń rà jù lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n má ta 2T fún ẹ, ìyẹn ni wọ́n ń pò mọ́ epo àwọn ọ̀kadà àtijọ́ tó ń rú èéfín.

Tó o bá lò ó tán, fi ọ̀bẹ gé ìgò ẹ̀ kó o tó jù ú nù. Àwọn kan ń ṣà á, wọ́n á rọ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n sẹ́ sínú ẹ̀, wọ́n á lẹ ìdérí mọ́ ọn, á tún padà wá bá ẹ lọ́jà.

Bọ̀dá_Mẹ́káníìkì:
Ẹ máa kọ́ra yín níṣẹ́ wa lọ, ṣọ́ọ̀bù náà lẹ ṣì ń bọ̀ 😂 Ohun tẹ́ ẹ ò sọ ni dídì. Ara ẹ́ńjìnnì yẹn, alumíníọ̀mù ni, irin ni nóòtù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹnì kan gbé tiẹ̀ wá, ó fi páìpù kún spánà kó lè le dáadáa, tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú ẹ̀ ti jẹ tán, owó tó fi tún un ṣe á tó o ra ọ́ìlì fún ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ lásán ni kó o fi dì í wọlé, tó bá ti jókòó tán, fi spánà fún un díẹ̀, ó tó. Wo wọ́ṣà ẹ̀, tó bá ti họ, pààrọ̀ ẹ̀. CG ò sì ní fíltà onípépà bíi ti mọ́tò, àwọ̀n ló ní lẹ́yìn kọ́fà, ìyẹn ẹ jẹ́ kí àwa tú u. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé kí ọ́ìlì má pẹ́ nínú ẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku pọ̀ báyìí.

Ọmọ_Gáà_Àkànbí:
Mo ti ṣe é o, láàárọ̀ Sátidé! Nóòtù já bọ́ sínú abọ́, ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, gbogbo ìkìlọ̀ yín já sí asán, abọ́ ìfọṣọ ìyá mi sì ni, a ò tíì parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ́ìlì tó jáde ṣàn bí omi, ó dúdú kirikiri. Mo dà tuntun sí i, mo yẹ géèjì wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dé àárín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ṣì yọ̀ díẹ̀ lórí òkè, lánàá kò yọ̀ mọ́, mo gbé ìyá mi sẹ́yìn gan-an, ọ̀kadà gun òkè náà. Ọ́ìlì dúdú ló kù, inú kẹ́ẹ̀gì ló wà, kànga agbo ilé wa ò jìnnà sí gọ́tà, mi ò lè dà á síbẹ̀.

Ọlọ́kadà_Ọ̀fà:
Má dà á sílẹ̀ rárá. Bèèrè lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò yín, wọ́n fi ń kun pákó nítorí ikán.

Bọ̀dá_Mẹ́káníìkì:
Tẹ́ paálí sábẹ́ ẹ̀ mọ́jú. Tí nóòtù yẹn bá ń jò, atẹ́gùn á máa fẹ́ ọ́ìlì lọ sára táyà ẹ̀yìn, o ò ní mọ̀ títí o fi máa dé kọ́nà.

Ọmọ_Gáà_Àkànbí:
Mo tẹ́ ẹ lálẹ́ àná. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì gbẹ. Ẹ̀kán méjì péré ló wà lẹ́yìn, lábẹ́ ṣéènì, ó ki bíi gíríìsì.

Bọ̀dá_Mẹ́káníìkì:
Ti ṣéènì ni yẹn, o ti kùn ún jù. Nù ún.