Taş, tas, daş, čul, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òkúta nínú àwọn èdè ẹbí Túrkì: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe pàdé wọn

Láti Istanbul:
Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Túrkì tí a jọ ń gbé yàrá ní òkúta nínú kíndìnrín. *Böbrek taşı* ni dókítà kọ sínú ìwé rẹ̀. Ni ará Kazakhstan bá ní *tas* ni tàwọn, ará Uzbekistan ní *tosh*, ará Turkmenistan ní *daş*, ó sì fa *a* náà gùn bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì odò. Aláìsàn ń kérora, wọ́n ń jiyàn!

Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ò le, ojú wọn jọra. Àfi ìgbà tí ọmọbìnrin Chuvash kan, láti agbègbè odò Volga ní Rọ́ṣíà, ní *čul* làwọn ń pè é. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ẹbí. Olùkọ́ wa ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sójú pátákó: fàdákà, *gümüş* ni Túrkì, *kĕmĕl* ni Chuvash; ìgbà òtútù, *kış* àti *hĕl*. Níbi tí àwọn yòókù ti fi ìró ṣ tàbí s parí, l ni Chuvash ń lò, kì í sì í ṣe èèṣì. Ó wá kọ baba ńlá gbogbo wọn, ó fi àmì ìràwọ̀ síwájú rẹ̀ torí kò sí ẹni tó rí i lákọsílẹ̀ rí: *\*tāĺ*. Gígùn *a* yẹn, ọ̀dọ̀ Turkmen ló ti mú un, àti ọ̀dọ̀ àwọn Sakha ní Siberia tí wọ́n ń kọ *taas*. L yẹn, Chuvash ló ni ín.

Láti Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dé ibi ìjà. Ní kíláàsì tiwa, ẹnì kan dìde, ó ní òkúta ìrántí Kül Tigin, ọmọ ọba Túrkì ayé àtijọ́, ní Mòngólíà, tí wọ́n gbẹ́ ní 732, *bengü taş* ló wà lára rẹ̀, òkúta ayérayé. Ó ní ṣ ló kọ́kọ́ wà nìyẹn. Rárá o! Àwọn baba ńlá Chuvash ti yapa kúrò lára àwọn yòókù kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Lóòótọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì wà tó ní *\*tāš* ló yẹ ká kọ. Èmi ò sí lẹ́yìn wọn.

Láti Budapest:
Èmi náà ò sí lẹ́yìn wọn. Èdè Húngárì kì í ṣe ẹbí Túrkì, àmọ́ ó ti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn Túrkì tí èdè wọn jọ ti Chuvash kí àwọn ará ibí tó dé ilẹ̀ yìí ní nǹkan bí 895. Mo kọ́kọ́ kíyè sí i nígbà tí mo lọ Istanbul: òkun, *deniz* lọ́hùn-ún, *tenger* níbí. Ọmọ ràkúnmí ni *köşek*. Níbí, *kölyök* ni ọmọ ẹranko, wọ́n sì ń fi pe ọmọ èèyàn tó bá ń yọni lẹ́nu. Ẹ wo l yẹn! Akọ màlúù, *öküz* àti *ökör*: z lọ́hùn-ún, r níbí, bíi ti *deniz* àti *tenger*. Ẹ̀gbọ́n Istanbul, ẹ bá mi bi ọmọbìnrin yẹn, kí ni wọ́n ń pe akọ màlúù?

Láti Istanbul:
Ó ní *văkăr*.