Ṣé kí n dá àmì atọ́nà padà? Àwọn ọmọ tuntun ń sá kúrò nínú géèmù

Aránṣọ_Kétu béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kétu ni mo wà, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ò jìnnà sí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, mo máa ń gbá géèmù ogun kan lórí fóònù pẹ̀lú àwọn èèyàn káàkiri ayé. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó pé oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti jẹ́ atọ́nà níbẹ̀. Wọ́n fi ìràwọ̀ kan sí iwájú orúkọ mi, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè mọ̀ pé òun lè bi mí ní ìbéèrè. Kò sówó níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tó gbé mi dé ibí rèé. Ọmọ àbúrò màmá mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ géèmù náà nígbà ìsinmi iléèwé. Èmi àti ẹ̀ ò sí lórí sẹ́fà kan náà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n pín àwa tó ń gbá géèmù sí, nítorí náà wọ́n fún un ní atọ́nà mìíràn. Onítọ̀hún pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́. Gbogbo ogun tó yẹ kí ọmọ náà jà, òun ló bá a jà á. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ ti dé ìpele 30. Ìpele 30 yìí gan-an ni wọ́n ti ń fún atọ́nà ní ẹ̀bùn. Ó gba ẹ̀bùn tirẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ dágbére. Ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé asà sókè, ni wọ́n wá kó sáàárín àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Nínú ogun àkọ́kọ́, wọ́n bú u. Nínú èkejì, wọ́n lé e jáde. Ó yọ géèmù náà kúrò lórí fóònù, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àbí orí mi ò pé ni?”

N ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mo ṣí àkọsílẹ̀ tèmi náà wò. Èèyàn mọ́kànlélógún ni mo ti gbà. Mẹ́rin péré ló ṣì ń gbá géèmù. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọ Pọ́bẹ̀ kan, fóònù bàbá rẹ̀ ló ń lò, ọjọ́ Sátidé nìkan. Wọ́n ní tí ọmọ tuntun ò bá dé ìpele 30 láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n á kọ ọ́ sí atọ́nà lọ́rùn pé ó kùnà. Kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, mo yọ orúkọ ọmọ náà kúrò. Èmi náà ṣe é.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọṣẹ́ kì í fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà níbẹ̀rẹ̀. Bébà símẹ́ńtì ló ń gé, tí yóò máa gé e títí ọwọ́ rẹ̀ á fi balẹ̀. Tó bá wá ba aṣọ jẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹnu ọ̀nà mi ni oníbàárà máa wá dúró sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ọmọṣẹ́. Nínú géèmù, ta ni wọ́n máa bá wí?

Ṣé kí n dá àmì yìí padà ni, àbí ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà ṣe é dáadáa?

Ẹ̀gbọ́n_Àjàṣẹ́ fèsì:

Àǹtí aránṣọ, ẹ má tíì dá a padà. Ohun tí ẹ rí yẹn kì í ṣe ti géèmù tiyín nìkan. Nínú Final Fantasy XIV, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ṣí ibi kan tí àwọn tuntun àti àwọn atọ́nà ti jọ ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹranko kan tí èèyàn lè máa gùn nínú géèmù wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Astrope. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba ètò àwọn atọ́nà wọ inú ogun, kó sì parí rẹ̀ ní ìgbà 2,000. Ẹ ò rí i pé torí ẹranko ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa débẹ̀, kì í ṣe torí ọmọ tuntun? Ní World of Warcraft náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn ní 2020, wọ́n ní kí atọ́nà ti ṣe iṣẹ́ 3,000 nínú géèmù. Ẹni tó ti ṣe 3,000 iṣẹ́ mọ géèmù lóòótọ́. Kò túmọ̀ sí pé ó ní sùúrù.

Ìdí tí kò fi sẹ́ni tó ń ṣọ́ àwọn atọ́nà náà kò ṣòro láti mọ̀. Géèmù Ultima Online, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ní àwọn olùyọ̀ǹda tó ń ran àwọn tuntun lọ́wọ́. Ní 2000, àwọn kan nínú wọn gbé ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé iṣẹ́ gidi ni àwọn ń ṣe, kí wọ́n sanwó fún àwọn. Tí ilé iṣẹ́ bá fún olùyọ̀ǹda ní aago iṣẹ́ àti ọ̀gá tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti ń di òṣìṣẹ́ nìyẹn. Tí kò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín ló máa ń ṣẹlẹ̀.

Ọmọ_Ìlárá fèsì:

Èmi ò gbà. Ẹ dá a padà. Géèmù tó bá dáa ló yẹ kó kọ́ èèyàn fúnra rẹ̀, kì í ṣe aránṣọ tó ti rẹ̀ láti àárọ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́22 fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tuntun lèmi náà lọ́dún tó kọjá, Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo wà. Faransé ni mo kọ́ níléèwé, èdè wa ni mò ń sọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni atọ́nà mi àkọ́kọ́ ń kọ. Tí mo bá bi í ní ìbéèrè, ogun ti parí kí n tó mọ ohun tó fi dáhùn. Èkejì ní kí n kó idà tí mo rí fún òun, pé owó ẹ̀kọ́ ni.

Obìnrin kan ló wá tún mi ṣe. Kì í bá mi jà. Ó máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó máa jẹ́ kí n kú, lẹ́yìn náà ó máa bi mí pé, “Kí lo rí kó o tó kú?” Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, n ò kú. Ìràwọ̀ kankan ò sí níwájú orúkọ tiẹ̀.

Aránṣọ_Kétu fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọmọ_Ìlárá, òótọ́ lẹ sọ pé géèmù ló yẹ kó kọ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti wà níbẹ̀ báyìí.

Mo ti dá ìràwọ̀ náà padà láàárọ̀ yìí. N ò fẹ́ ka ọjọ́ mẹ́rìnlá sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ kọ́ èèyàn mẹ́ta, mẹ́ta péré, bí obìnrin tí Ṣábẹ̀ẹ́22 sọ yẹn. Ọmọ àbúrò màmá mi ò tíì gbà láti padà, n ò sì fipá mú un. Mo kọ̀wé sí ọmọ Pọ́bẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó dáhùn pé bàbá òun máa ń fún òun ní fóònù ní Sátidé láti aago mẹ́rin.

Mo ti sọ fún ọmọṣẹ́ mi pé òun ló máa ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.