Aláàmù ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ò dákẹ́

Ọmọ Láfẹ́nwá: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ́ńjìnì dísù kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa níbí l'Abẹ́òkúta, ara ọkọ̀ ìgbòkun kan l'Ékòó ni wọ́n ti tú u wá. Tá a bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́ báyìí aláàmù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, a stáàtì ẹ̀, kò dákẹ́, ọ́ìlì sì kún dáadáa. Kí ni ká ṣe?

Wáyà Pánṣẹ́kẹ́: Ẹ pa á ná o! Kó ké kẹ́ ẹ tó stáàtì ò burú, torí kò tíì sí agbára ọ́ìlì, ṣíwíìṣì ọ́ìlì á kan bọ́dì ẹ́ńjìnì, aláàmù á ké, tí agbára bá dé á ṣí, aláàmù á dákẹ́. Ẹ yọ wáyà orí ẹ̀, kó má kan irin kankan, kẹ́ ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́. Tó bá dákẹ́, ẹ fi géèjì wọn agbára ọ́ìlì gangan kẹ́ ẹ tó dá ṣíwíìṣì lẹ́bi. Tí ò bá dákẹ́, ẹ yọ wáyà ṣíwíìṣì ooru náà, èyí tó ń kìlọ̀ tí ẹ́ńjìnì bá gbóná jù.

Ọmọ Láfẹ́nwá: Ẹ̀gbọ́n, ti ooru la yọ tó fi dákẹ́ wẹ́lo. Ẹ́ńjìnì sì tutù o.

Wáyà Pánṣẹ́kẹ́: Ṣíwíìṣì ooru yẹn ti lẹ̀ pọ̀ nínú nìyẹn. Ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò sáàárín orí ẹ̀ àti bọ́dì, tí ẹ́ńjìnì bá tutù kò yẹ kí mítà dún rárá. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ìyá Dísù: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà yẹn sílẹ̀ ní yíyọ kẹ́ ẹ wá ní ó ti dáa, ọjọ́ tó bá gbóná lórí omi kò ní sí ìkìlọ̀ kankan. Ẹ fọ àwọn ojú wáyà náà, iyọ̀ òkun máa ń sọ wọ́n di aláwọ̀ ewé.